Gíà Ọkọ̀ Àlàájà Sàúdátù

Ọjọ́ Ajé, 25 Oṣù Kẹjọ, 2025

Kí n kọ ọ́ síbí kí àyà mi lè fúyẹ́: n kò fi gíà ọ́tò, irú èyí tó ń yí ara rẹ̀ padà, sínú ọkọ̀ kankan rí. Láti ìgbà tí mo ti gba fúrídọ̀ọ̀mù ni mo ti ń pe ara mi ní mẹkáníìkì. Gíà máńúà tí à ń fọwọ́ yí ńkọ́? Bí wọ́n bá dì mí lójú, n ó tú u, n ó sì tò ó padà. Ṣùgbọ́n bí ọ́tò bá ti wọ ṣẹ́ẹ̀dì wa, mo máa ń wá nǹkan sọ. N ó ní ọwọ́ mi dí. N ó ní ọkọ̀ náà ti gbó, kí wọ́n má wulẹ̀ náwó lé e lórí mọ́. Nígbà kan mo sọ fún tíṣà kan láti Odogbolu pé kò sí ohun tó ń ṣe gíà rẹ̀, pé bó ṣe ń tẹ iná ọkọ̀ ni kò dára. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tó mọ̀, títí kan Moṣọpẹ́, ìyàwó mi.

Lónìí ni wọ́n fi okùn fa píkọ́ọ̀pù Àlàájà Sàúdátù wọlé. Ẹ́ńjìnnì ń pariwo, ọkọ̀ kò mira. Hanifah, ọmọ rẹ̀, ló wà nídìí sítíárìn, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Lékè, láti ẹnu ọ̀nà Ayépé ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, kò lọ. Gbogbo gààrí ṣì wà lẹ́yìn."

Alhaji, ọkọ Àlàájà tó ti dolóògbé, ló ra ọkọ̀ yìí. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò lè tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ló ṣe wá píkọ́ọ̀pù ọ́tò rí. Èmi ni mo ń ṣe bíréèkì rẹ̀, èmi ni mo ń pààrọ̀ epo rẹ̀. Gíà rẹ̀ kò bàjẹ́ rí, nítorí náà kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo la ẹnu láti ní kí wọ́n gbé e lọ síbòmíràn. Àlàájà ti jókòó sórí táyà. Ó ní, "Adélékè, o mọ̀ pé àwọn ọmọ iléèwé ń wọlé lóṣù tó ń bọ̀. Àsìkò yìí ni mo ń tajà. Bí gààrí mi kò bá dé Ijagun, àwọn oníbàárà mi á bá ẹlòmíràn lọ, wọn kò sì ní padà wá. Èmi kò mọ mẹkáníìkì mìíràn. Ìwọ ni Alhaji fi ọkọ̀ yìí lé lọ́wọ́."

Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ fi í sílẹ̀ mà. Kò le."

Kò le! Bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń fi ẹnu mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́rú, 27

Òjò wínniwínni láti àárọ̀. Mo sọ fún Àlàájà pé gíà tó wà nínú ọkọ̀ kò ṣeé tún ṣe mọ́, pé tòkunbọ̀ ni ká rà. Ó lè jẹ́ òótọ́. Bó bá sì ṣeé tún ṣe, èmi kọ́ ni mo máa mọ̀.

Mo lọ sọ́dọ̀ Abdulrauf ní Ìbàdàn Gáréèjì, ẹni tó ń ta gíà àti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀. Ọmọdé ni sí mi, ṣùgbọ́n ó mọ ọjà rẹ̀. Ó fi sípánà kan ara gíà náà gbọ̀-gbọ̀ bí ẹni ń yan ìbẹ́pẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, wàláì, èyí mọ́. Ọkùnrin tó ń kó o fún mi l'Ékòó, àti ìgbà tí bàbá mi ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù yìí la ti ń bá a bọ̀. Kò já wa kulẹ̀ rí."

Ó gbé ọ̀dà yẹ́lò, ó kùn ún sórí àwọn bóòtù tó so ara gíà náà pọ̀. Ó ní, "Ẹ fi ọ̀sẹ̀ méjì dán an wò. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ gbé e padà, n kò ní bi yín léèrè ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tú u o. Bí ọ̀dà yìí bá ti bó, ó ti di tiyín nìyẹn."

Bí gbogbo wọn ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní mo gbọ́.

Frederick tó ń lu panẹ́lì nínú ṣẹ́ẹ̀dì wa ló bá mi gbé e sọ̀kalẹ̀ nígbà tí mo gbé e dé. Ọwọ́ wa kò dọ́gba. Kọ̀ńfátà, irin rògòdò bí ìkòkò tó wà lẹ́nu gíà, yọ́ jáde, epo pupa sì dà sí mi ní ṣòkòtò. Frederick kú sẹ́rìn-ín: "Ó ti tọ̀ sí ẹ lára! Ó ku kí o sọ ọ́ lórúkọ." Mo ti kọ̀ńfátà náà padà sẹ́nu gíà, mo fi wáyà so ó.

Epo gíà ti di ẹgbẹ̀rún méje náírà lítà kan. N kò tilẹ̀ mọ iye tó ń mu.

Ọjọ́ Ẹtì, 29

Gíà àtijọ́ ti sọ̀kalẹ̀. Àárọ̀ ni mo ti tú ṣáfútù tó lọ sẹ́yìn, mo tú àwọn páìpù epo, mo tú sítì gíà, rọ́bà tó gbé e ró. Títú kò le fún ẹnikẹ́ni. Epo inú rẹ̀ dúdú, ó ń rùn bí àmàlà tó jóná nídìí ìkòkò.

Frederick dúró lé mi lórí. "Lékè, kí ló dé tí ò ń rọra yí bóòtù bí ẹni ń tú bọ́tìnì aṣọ ìyàwó?"

Mo ní ọkọ̀ opó ni, kí n má ba nǹkan jẹ́. Ó ní, "Háà, o ti di ẹni mímọ́ lónìí."

Ọjọ́ Àìkú, 31

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní ohun tó ń dà á láàmú jáde síwájú fún àdúrà. Mo jókòó. Mo rí ìyá kan tó jáde nítorí orúnkún. Mo rò ó wò: kí ni n bá sọ? Pé kí wọ́n gbàdúrà fún mi kí n mọ iṣẹ́ tí mo ti sọ pé mo mọ̀?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án

Mo wo fídíò lórí fóònù títí dátà fi tán. Ọmọ Íńdíà kan ni, ọwọ́ rẹ̀ yá jù, kò sì sọ èdè tí mo gbọ́. Mo rí i pé ó fi gíà sí i. N kò rí bó ṣe ṣe é.

N kò lè jókòó sójú kan. Mo gbá ṣẹ́ẹ̀dì, mo fi kẹrosíìnì fọ sípánà tó mọ́ tẹ́lẹ̀, mo tún lọ wo gíà náà. Mo lè bi ẹnì kan. Mẹkáníìkì ọ́tò wà ní Ìjẹ̀bú-Òde yìí, mo mọ méjì nínú wọn lójú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ máa ń rìn nínú ẹgbẹ́ wa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti sọ ọ́ ní ìpàdé: Adélékè ní kí àwọn kọ́ òun níṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 4

Ó ti wọlé! Ọlọ́run ṣeun.

Èmi, Frederick àti jáàkì méjì ni a fi gbé e. Ó sún mọ́ ẹ́ńjìnnì dáadáa, àfi pé àlàfo bí ìbú ìka kan kù, kò sì fẹ́ lọ mọ́. A mì í, a tì í, ó kọ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa gíà kò ṣàì ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀: bí máńúà bá ṣe báyìí, bóòtù gígùn lèèyàn fi ń fà á wọlé, díẹ̀ lápá ọ̀tún, díẹ̀ lápá òsì, títí ẹnu wọn á fi pàdé. Ọ̀gá mi kọ́ mi bẹ́ẹ̀, àìmọye ìgbà ni mo sì ti ṣe é. Mo fà á. Bóòtù le díẹ̀, nǹkan kan dún "kẹ́" nínú, ẹnu sì pàdé pinpin, abẹ́rẹ́ kò lè kọjá.

Frederick pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá ọ́tò!"

Inú mi dùn dé ibi pé mo ra ẹran lọ sílé. Moṣọpẹ́ bi mí ohun tí a ń ṣe àjọyọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 5

Ìsinmi Mọ́líùdì, ibi gbogbo pa rọ́rọ́. Mo dá wà ní ṣẹ́ẹ̀dì, bó sì ṣe wù mí nìyẹn. Mo rọ epo sí i, mo ṣáná sí ọkọ̀.

N kò fẹ́ kọ ìró rẹ̀. Ó ń ha bí ìgbà tí irin ń jẹ irin. Mo fà á sí D, kò lọ. Mo fà á sí rìfáàsì, kò lọ. Nígbà tí mo fi máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, epo pupa tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ ti ń ṣàn lọ sí ẹnu kòtò.

Mo pa á. Mo jókòó sínú ọkọ̀ Alhaji, mo di sítíárìn mú, bí ẹni pé mo ń lọ síbì kan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6

Mo sọ fún Frederick. Ó wo abẹ́ ọkọ̀, ó nu ọwọ́.

"Ṣé o tú gíà yẹn?"

"N kò tú u."

"Ọ̀dà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Kí lo wá ń rò? Tòkunbọ̀ ni. Ta ló mọ omi tó ti mu ní ilẹ̀ òyìnbó? Gbé e padà fún ọmọkùnrin yẹn."

Mo ní, "Ó lè jẹ́ èmi ni mo ṣe nǹkan kan sí i."

Ó wò mí. "Ìwọ? Ṣé o ò mọ iṣẹ́ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi dáhùn.

Ọjọ́ Ajé, 8

Mo gbé gíà náà padà. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n ó sọ láti ilé, n kò sì nílò rẹ̀. Abdulrauf wo ọ̀dà yẹ́lò, ó fi ìka kàn án. Mo ní, "Ó ti bàjẹ́ kó tó dọ́wọ́ mi." Ohun tí mo sọ nìyẹn, n kò fi kún un.

Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, ojú tì mí. Ẹ má bínú o. Ẹ bá mi bẹ Àlàájà." Ó ní kí n mú òmíràn, ìyẹn tó kẹ́yìn nínú irú rẹ̀. Ó kun ọ̀dà sí i bíi ti àkọ́kọ́. Ó ní èyí tó bàjẹ́ yẹn yóò padà sọ́dọ̀ ọkùnrin Èkó, àwọn méjèèjì á sọ̀rọ̀.

N bá fẹ́ kó bá mi jà. Kó ní irọ́ ni mò ń pa. N bá mọ ohun tí n ó ṣe.

Ọjọ́rú, 10

Òjò ńlá. Àlàájà gba ọkọ̀ ẹlòmíràn láti lọ kó gààrí ní Ayépé, wọn kò bo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, àpò mẹ́rin ló rẹ. Ó dúró níwájú ṣẹ́ẹ̀dì, ó fi èdè Ìjẹ̀bú bú gbogbo ayé. Bó bá ṣì ń fi òyìnbó lú u, inú rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ tán, ṣùgbọ́n bó bá di Ìjẹ̀bú gidi, kéèyàn dákẹ́.

Nígbà tó rọlẹ̀, ó ní, "Kì í ṣe ìwọ ni mò ń bá wí, Adélékè. Mo mọ̀ pé àwọn tó ta gíà fún wa ló fa gbogbo èyí."

Hanifah ní, "Mọ́mì, Abdulrauf kì í ta ọjà burúkú."

"Kí ló wá dé? Ṣé mẹkáníìkì wa ni kò mọṣẹ́?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín sí mi. Mo tẹrí ba wo sípánà ọwọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13

N kò lè sùn lóru àná, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tètè dé ṣẹ́ẹ̀dì. Gíà kejì wà lórí táyà, ẹnu rẹ̀ kọjú sókè. Frederick kò tíì dé, kò sì sí bí n ṣe lè dá gbé e. Mo jókòó tì í. Ara mi kì í gbà kí ọwọ́ mi wà láìṣe nǹkan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí kọ̀ńfátà, bí ọmọ kékeré ṣe ń yí ìdérí ìkòkò.

Ó yí, ó yí, ó sì jìn wọlé lójijì. "Kò."

Mo dáwọ́ dúró. Mo rò pé mo ba nǹkan jẹ́. Mo tún yí i, mo sì rọra tì í. Ó tún jìn sí i. Mo wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìka mi, láti etí gíà dé ojú kọ̀ńfátà: ibi tó ti jìn wọlé tó ìbú ìka kan.

Mo rántí ọjọ́ tí ti àkọ́kọ́ yọ́ jáde tí mo tì í padà lásán, tí n kò yí i. Mo rántí àlàfo yẹn. Kì í ṣe pé gíà kò fẹ́ wọlé. Kọ̀ńfátà ni kò tíì jókòó sí àyè rẹ̀ nínú pọ́ńpù epo tó wà nínú gíà, èmi sì fi bóòtù fà á, mo fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́ pọ́ńpù títí pọ́ńpù fi fọ́. Ìyẹn ló dún "kẹ́." Ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi lórí máńúà, tó dára lórí máńúà, òun ni mo fi pa ọ́tò.

Nígbà tí Frederick dé, a gbé e sókè. Ọwọ́ lásán la fi tì í. Ẹnu pàdé kí n tó mú bóòtù kankan.

Frederick ní, "Ṣé o rí i? Mo sọ fún ẹ pé ti àkọ́kọ́ ló bàjẹ́."

Ọjọ́ Ajé, 15

Ó ṣiṣẹ́. Hanifah ló wà á, èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a lọ títí dé Ijagun, a yí padà. Gíà ń yọ́ láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì bí epo. Ọmọ náà ń kọrin. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Lékè, mo rò pé ó ti parí fún wa ni. Mọ́mì ti ń sọ pé òun á ta ọkọ̀ fún àwọn onírin."

Àlàájà jáde sí ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Ọlọ́hun á dá ọ lọ́lá. Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ láwùjọ." Mo ṣe àmín. Ó fi gààrí kún báàgì kan fún Moṣọpẹ́. Kíkan ni, irú èyí tó ń kan èèyàn léyín.

Ọdún wo ni mo ti ń retí irú ọjọ́ báyìí lórí ọ́tò? Ó dé, n kò sì mọ ibi tí n ó gbé e sí.

Ọjọ́rú, 17

Àlàájà ti sọ fún gbogbo ọjà. Wọ́n gbé ọ́tò kan wá láàárọ̀, jíìpù dókítà kan. Frederick tọ́ka sí mi látọ̀ọ́kán: "Ọ̀gá ọ́tò nìyẹn o!" Mo ní kí wọ́n fún mi ní àyè láti rò ó.

Lọ́sàn-án Abdulrauf pè mí lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ kò dùn. Ọkùnrin Èkó ní òun kò ta ọjà tó fọ́ fún un, ó sì pe Abdulrauf ní olójúkòkòrò. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó jẹ́ bíi bàbá fún mi! Ọjọ́ Ẹtì n ó gbé gíà náà lọ bá a. N ó jù ú sílẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi àti ẹ̀ parí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá pè yín, ẹ sọ fún un bó ṣe bàjẹ́."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo ti ń sọ "mo ti gbọ́" jù.

Ọjọ́bọ̀, 18

Mo sọ fún Moṣọpẹ́. Ó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé. N kò mọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, mo kàn bá ara mi lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń ṣàlàyé kọ̀ńfátà, bó ṣe yẹ kó jókòó, bí mo ṣe fà á. Mo sọ ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ pàápàá, pé n kò mọ ọ́tò ṣe rí, pé gbogbo ọdún wọ̀nyí ni mo ti ń lé wọn padà, títí dé ìjà tí Abdulrauf fẹ́ lọ jà l'Ékòó.

Kò dáwọ́ ẹ̀wà dúró. "Bàbá Ìtùnú, ìyẹn lẹ ṣe ń kọjú sí ògiri sùn látọjọ́ yìí?"

"Ìyẹn ni."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé wọn kò ní gbé ọkọ̀ wá fún yín mọ́?"

Mo rò ó. "Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á máa gbé e wá."

Ó wá gbójú sókè wò mí. Ó ní, "Abdulrauf ọmọ Hassan onígíà, àbí ta ni? Ọmọ tó ń kí mi tọkàntọkàn ní Òkè-Àjé yẹn? Òun ni yóò lọ bá àgbàlagbà jà l'Ékòó lórí ohun tí kò mọ̀?"

"Òun ni."

Ó fẹ́ èèpo ẹ̀wà dànù, ó wọlé.

Mo ti rò ó lọ, mo ti rò ó bọ̀. Mo lè dúró dìgbà tí Abdulrauf bá ti Èkó dé, kí n wá sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ níwájú ọkùnrin yẹn kò ní ṣeé kó padà. Mo lè pè é lórí fóònù, ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lásán, n ó tún sọ pé mo ti gbọ́. Ó yẹ kó rí ojú mi. Ó sì yẹ kí n fi ọwọ́ mi yọ ọ̀dà yẹ́lò yẹn kúrò níwájú rẹ̀, kí n tú gíà náà, kí n fi pọ́ńpù tó fọ́ hàn án àti ibi tí mo ti fọ́ ọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí òfin rẹ̀ ṣe wí, ó ti di tèmi.

Bó bá ní kí n san án, n ó san án díẹ̀díẹ̀. Bó bá ní kí n pe ọkùnrin Èkó, n ó pè é kí ó tó kúrò níwájú mi. Bí àwọn ẹgbẹ́ bá gbọ́, wọ́n gbọ́ nìyẹn.

Ọkọ̀ Èkó àkọ́kọ́ kì í pẹ́ kó tó kún ní gáréèjì. Lọ́la, kí Abdulrauf tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, n ó ti dúró sẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú sípánà. N ó ní kí ó má gbé gíà yẹn lọ síbì kankan, èmi ni mo fọ́ ọ.